Bàbá Pọ́sìtì àti Ohùn Àbẹ̀ní

Bí ẹ bá dé Pọ́bẹ̀ tí ẹ béèrè Bàbá Pọ́sìtì, ọmọdé á fi ọwọ́ júwe ilé fún yín, àgbà á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná. Kò sí ẹni tó bá bàbá ìyá mi sọ̀rọ̀ rí tí kò ní kó tún un sọ. Kì í ṣe pé kò gbọ́. Ó gbọ́ o! Ó kàn ń fẹ́ kí o sọ ọ́ bó ṣe yẹ ni. Bí o bá kí i láàárọ̀ tí ìkíni náà kò jáde dáadáa, á wò ọ́ láti òkè délẹ̀, á bi ọ́ bóyá ó há ọ lọ́fun ni. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ní Ṣàkẹ́tẹ́ ń kí àgbà bí ẹni tí oorun ń kùn, èmi ti mọ bí a ṣe ń la ẹnu, torí pé mo ti gba ẹ̀kọ́ mi ní Pọ́bẹ̀. "Àjọkẹ́," á wí fún mi, "ohùn tí o kò bá gbé sílẹ̀ dáadáa, kò sí ẹni tó lè gbé e dáadáa."

Láti ọjọ́ tó ti kú ni àwọn ènìyàn ti ń sọ fún mi pé ẹni jẹ́jẹ́ ni. Jẹ́jẹ́ wo? Bàbá mi le koko bí ojú ẹja. Ó bá ayálégbé rẹ̀ jà, ó bá akọrin jà, ó bá Àlájì Ṣéfíù tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ jà débi pé àwọn méjèèjì á kẹ̀yìn síra wọn lórí bẹ́ǹṣì kan náà. N kò fẹ́ kí wọ́n fi ẹnu dídùn sọ ọ́ di ẹlòmíràn mọ́ mi lọ́wọ́. N kò ní sọ ọdún tí wọ́n bí i, n kò sì ní ka àwọn ọmọ tó bí. Etí rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, àti fìlà tó bo etí náà, àti kásíkì tó wá gùn lé wọn, àti ohùn ìyá àgbà mi. Kásíkì ni àwa ará ìhín ń pe ohun tí a ń gbé kọ́ orí tó ń bo etí méjèèjì tí a fi ń gbọ́ orin, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní hẹ́dífóònù.

Kí Bàbá tó fẹ̀yìn tì, pọ́sìtì ló ti ṣiṣẹ́, ní ilé ìfìwéránṣẹ́, nígbà tí tẹlifóònù kò tíì wà lápò ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ bá ará Àjàṣẹ́ sọ̀rọ̀ á wá jókòó, Bàbá á gbé kásíkì iṣẹ́ kọ́ orí, á ki okùn bọ ihò, á fa òmíràn yọ, á so ẹni ìhín mọ́ ẹni ọ̀hún. Ohùn ló fi ń mọ ènìyàn láìrí ojú wọn. Ó ní òun máa ń mọ ẹni tó gbé ìròyìn òkú dání kó tó sọ ọ́, torí pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà gbogbo ilé pátá, títí kan ewúrẹ́. Nígbà tí mo sọ fún un pé mo fẹ́ fẹ́ ọkùnrin kan ará Tákọ̀n, kò béèrè iṣẹ́ rẹ̀, kò béèrè ìdílé rẹ̀. Ó ní kí n pè é lórí fóònù kí òun gbọ́. Wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ òjò àti àgbàdo lásán, ó sì dá fóònù padà fún mi. "Ojú lè parọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú," ó wí. "Ohùn kì í pẹ́ jẹ́wọ́. Fẹ́ ẹ."

Nítorí iṣẹ́ yìí ló fi ń kẹ́ etí rẹ̀ bí ẹyin. Abetí-ajá ni fìlà rẹ̀, kì í sì í ká apá méjèèjì rẹ̀ sókè bí àwọn aláfẹ́ ti ń ṣe. Ìsàlẹ̀ ló máa ń fà wọ́n sí, kí wọ́n bo etí. Nínú ọyẹ́, nínú ooru, bákan náà ni. Bí a bá ní ooru mú, á ní etí yìí ló bọ́ wa, kí a jẹ́ kí òun bò ó. Nǹkan méjì péré ló ń ṣí fìlà náà lórí rẹ̀: oorun, àti oríkì baba rẹ̀. Nílé wa, bí ìyàwó bá kúnlẹ̀ láàárọ̀ láti kí ọkọ rẹ̀, tí ìkíni náà bá ti kan àwọn baba ńlá ọkọ, ọkùnrin náà á ṣí fìlà, kò sì ní dé e padà títí ìyàwó á fi dìde. Mo bi Bàbá nígbà kan bóyá ìyàwó ni à ń ṣí fìlà fún. "Rárá o," ó wí, "àwọn tí ìyàwó ń pè ni. Bí a bá ti pè wọ́n, wọ́n ti wà nínú yàrá nìyẹn."

Àbẹ̀ní ni orúkọ ìyàwó rẹ̀, ìyá àgbà mi, ọmọ Tówé. N kò bá a láyé. Màmá mi gan-an kò mọ̀ ọ́n, torí pé ó ṣì ń rá kòrò nígbà tí Àbẹ̀ní kú, ẹ̀gbọ́n Bàbá obìnrin tó wà ní Àgídí ló gbé e lọ tọ́. Ṣùgbọ́n kí ikú tó dé, ọ̀gá Bàbá kan tó ń ṣí kúrò ní Pọ́bẹ̀ ti fún un ní ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kan tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì. Bàbá gbé e sábẹ́ àga láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó tẹ̀ ẹ́, ó jókòó bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Àbẹ̀ní wọlé, ó gbé ọmọ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó kí ọkọ rẹ̀ bó ṣe ń kí i lójoojúmọ́. Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n ti gba ohùn òun sílẹ̀, inú bí i. Ó ní ṣé ọkọ òun fẹ́ máa fi òun kí ara rẹ̀ nígbà tí òun bá lọ sọ́jà ni. Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni Bàbá máa ń sọ ìtàn yìí.

Nígbà tí màmá mi tó ọmọ tó lè dá jókòó, Bàbá mú un wá sí Pọ́bẹ̀, ó fi kásẹ́ẹ̀tì náà sínú rédíò kékeré kan tí ibi tí ohùn ń gbà jáde lára rẹ̀ ti ya. Ohùn tín-ín-rín kan jáde, ó ń han. Màmá mi tẹ́tí, ó wo bàbá rẹ̀, ó ní, "Ta ni obìnrin tó ń fi imú sọ̀rọ̀ yìí?" Bàbá pa rédíò. Ó kó kásẹ́ẹ̀tì náà sínú agolo wàrà, ó da ìrẹsì gbígbẹ yí i ká kí ọ̀rinrin má bàa bà á jẹ́, ó gbé e sókè àjà. Ó ní èyí tí ọmọ òun gbọ́ yẹn kì í ṣe Àbẹ̀ní, àti pé kò sí ẹni tó máa gbọ́ ọ mọ́ títí òun á fi rí ohun tó lè gbé ohùn rẹ̀ jáde bó ṣe rí. Kásẹ́ẹ̀tì tó ti gbó kò fẹ́ àlòjù, ó lè já nígbàkugbà. Bẹ́ẹ̀ ni màmá mi ṣe dàgbà, tó lọ́kọ sí Ṣàkẹ́tẹ́, tó bí mi, tí kò mọ ohùn ìyá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti màmá mi díẹ̀, torí òun lọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Àṣàkẹ́ lorúkọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì nípọn. Kí wọ́n tó bí mi, bó bá pe ènìyàn láti ẹ̀yìnkùlé, ẹni náà lè dáhùn pé "bàbá, mò ń bọ̀". Ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tó ń lọ, ìyá akọrin kan sọ fún un lójú gbogbo ènìyàn pé kó lọ dúró ti àwọn ọkùnrin. Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò kọrin mọ́ láti ọjọ́ náà. Láti ìgbà tí èmi ọmọ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, bí ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Inú ń bí mi sí ìyá akọrin yẹn títí dòní, ẹ má bẹ̀ mí. Bàbá gbọ́, ó wọ mọ́tò láti Pọ́bẹ̀ wá bá obìnrin náà nílé rẹ̀, kò sì jókòó sórí àga tí wọ́n gbé fún un. "Ohùn ọmọ mi kò ṣe nǹkan kan," ó wí fún un. "Etí yín ni kò jìn."

Àlájì Ṣéfíù ló mú kásíkì wọ ayé wa. Ará Ìlarò ni, ó ń ta rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti oríṣiríṣi ẹ̀rọ àlòkù ní ọjà Pọ́bẹ̀, èyí tí ọkọ̀ ojú omi ń já sí Kútọnu. Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nínú ẹrù kan, ó bá kásíkì ńlá kan, etí rẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó àwo ọbẹ̀ kékeré, okùn rẹ̀ ki bí okùn tí a fi ń so ewúrẹ́. Ó ní irú rẹ̀ ni àwọn òyìnbó tó ń gba orin sílẹ̀ máa ń lò, pé ọwọ́ olówó ló ti wá. Bàbá gbé e, ó wọn ìwúwo rẹ̀ lọ́wọ́, ó fi àtàǹpàkò tẹ ìrọ̀rí rẹ̀. Ó padà sílé, ó fa òbúkọ rẹ̀ jáde, ó sì fa ẹran náà gba àárín ọjà kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀bù Àlájì láti fi gba kásíkì. Èmi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ojú tì mí.

A so ó mọ́ fóònù mi. Ohun tó jáde dà bí ẹni tó ń kọrin nínú kànga. Mo ní, "Bàbá, wọ́n ti lù yín ní jìbìtì, òbúkọ ti lọ." Bàbá kò tilẹ̀ bínú. Ó ní ẹ̀bi kásíkì kọ́, ẹ̀bi fóònù ni. Ó ní kásíkì ńlá fẹ́ agbára tí yóò tì í kó tó lè sọ̀rọ̀, fóònù kékeré kò sì ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Ó ní ìkòkò àsè ni mo gbé ka iná ìṣáná. Àlájì wá ampílì kan fún un, ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára. Lóòótọ́, bí wọ́n ti so wọ́n pọ̀, ohùn náà dìde dúró. Ó gbòòrò, ó súnmọ́ ni. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kásíkì kì í sọ ju ohun tí a bá fún un lọ."

Ṣùgbọ́n ohun kan ń kùn lábẹ́ ohùn náà, ùùùù, bí oyin tó wà nínú ògiri. Bàbá wá a káàkiri ilé. Ó yọ ẹ̀rọ tó ń gba iná sínú fóònù, kíkùn náà dín. Ó yọ gílóòbù, kò dín. Ó wá rí i pé ọ̀dọ̀ fírígò tí Ìyá Bọ́sẹ̀, ayálégbé rẹ̀, ń gbé ọbẹ̀ sí kó lè tutù ló ti ń bọ̀, ó bá yọ okùn rẹ̀ kúrò lára iná láìsọ fún onínǹkan. Obìnrin náà ti ọjà dé, ọbẹ̀ rẹ̀ ti kan. Ẹ wo ìjà! Gbogbo àdúgbò ló dá sí i, wọ́n sì dá Bàbá lẹ́bi. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ìyá Bọ́sẹ̀, ó wá bátìrì mọ́tò tó fi ń tan ampílì náà dípò iná ilé, kíkùn náà sì pòórá. Ṣùgbọ́n nígbà tó wọlé, ó sọ fún mi ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "A lè tún ọbẹ̀ sè. A kì í tún òkú gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀."

Lẹ́yìn náà ló kan ẹ̀rọ tí kásẹ́ẹ̀tì ń yí nínú rẹ̀. Irin kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń ka kásẹ́ẹ̀tì. Ìdọ̀tí ọjọ́ pípẹ́ ti bò ó. Bàbá ní sódabì ló máa fọ̀ ọ́, ọtí líle wa tí a fi ẹmu sè. Ó rẹ òwú sínú rẹ̀, ó ní kí Àlájì bá òun di agolo mú. Àlájì ní òun kò ní fọwọ́ kan ọtí, òun ti lọ sí Mẹ́kà. Bàbá ní, "Ẹ̀rọ ló ń mu ún, kì í ṣe ìwọ." Wọ́n ṣe àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí títí òwú fi gbẹ. Nígbà tí wọ́n parí iṣẹ́ náà, ó ku ìdè tín-ín-tín kan, ìṣó tí a ń yí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin náà. Bí o bá yí i díẹ̀, ohùn á mọ́lẹ̀. Bí o bá yí i ju bẹ́ẹ̀ lọ, ohùn á ṣókùnkùn padà. Bàbá lè jókòó tì í láti àárọ̀ títí oòrùn á fi yẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì orin tí Àlájì kó wá ló fi ń dán gbogbo rẹ̀ wò, kò fọwọ́ kan agolo wàrà tó wà lókè àjà.

Èmi náà ní iṣẹ́ tèmi níbẹ̀, torí pé aránṣọ ni mí ní Ṣàkẹ́tẹ́. Ìrọ̀rí kásíkì náà ti gbó, ó ń ya bí àkàrà àná. Bàbá kọ́kọ́ gbé e fún aránbàtà kan tó fi awọ líle rán an. Ohùn yí padà, ó di ti agolo. Bàbá ké sí mi. Mo gé tìmùtìmù bẹ́ẹ̀dì, mo fi aṣọ àrán bò ó. Ó ní ó ti nípọn jù, pé ó ti etí sẹ́yìn, akọrin wà ní òdìkejì títì. Mo tún rán òmíràn tó fẹ́lẹ́, ó ní akọrin ti dúró lé òun lẹ́sẹ̀. Mo bínú, mo ní kí ó kúkú lọ bá òyìnbó tó ṣe é. Ṣùgbọ́n n kò lè parọ́, bí mo ṣe ń gbé e lé etí ara mi láti dán an wò ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìyàtọ̀ tó ń sọ. Ìrọ̀rí lásán ni mo pè é tẹ́lẹ̀. N kò mọ̀ pé ìka kan tìmùtìmù lè gbé ènìyàn súnmọ́ orin tàbí kó tì í jìnnà.

Síbẹ̀, ohun kan kù. Gbogbo orin tí a bá fi sí i ló mọ́, ló dùn, ṣùgbọ́n Bàbá á mi orí. "Kò ní ìsàlẹ̀," á wí. "Ohùn yìí kò ní ìsàlẹ̀." Ó ní bí ilé tí wọ́n kọ́ tí wọn kò fi ìpìlẹ̀ sí ni. A ní kó jẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́ ọ, bóyá etí rẹ̀ ni. Àlájì gbé e wọ̀, ó ní lóòótọ́, kò ní ìsàlẹ̀. Ìyá Bọ́sẹ̀, tí ìjà ti tán láàárín wọn, gbé e wọ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni. Màmá mi wọ̀ ọ́, èmi wọ̀ ọ́. Ẹnu wa kò yà. Bàbá tún ampílì tú, ó tún un tò, ó pààrọ̀ okùn, ó yí ìdè. Kò yí padà.

Nígbà tó ṣe, dókítà kan ní Àjàṣẹ́ yẹ etí Bàbá wò, ó ní ó ti ń kú díẹ̀díẹ̀, bó ṣe ń ṣe àgbà. Màmá mi nìkan ni Bàbá sọ ọ́ fún. Kò sọ ọ́ bí ohun tó dun ni, ó sọ ọ́ bí ẹni tí iṣẹ́ ṣì kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n màmá mi kò sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gun alùpùpù kẹ̀kẹ́nọ̀ kan, ọ̀kadà tiwa, láti Ṣàkẹ́tẹ́, èmi tẹ̀lé e lórí òmíràn, a dé Pọ́bẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀. Ó fi ohùn wẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń lò sọ ọ́, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ọ bó ti wà. Bó bá fi imú sọ̀rọ̀, ìyá mi náà ni."

Bàbá gbé ojú sókè. Ó wo òkè àjà títí. Lẹ́yìn náà ó ní kí a jẹ́ kó di ọjọ́ Àìkú, kí ariwo ọjà dínkù.

Ọjọ́ Àìkú pé. A ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, màmá mi ṣì wé gèlè. Bàbá ti fèrèsé, ó pa fáànù, ó ní kí Ìyá Bọ́sẹ̀ dákun má gún nǹkan kan. Ó tú kásẹ́ẹ̀tì náà kúrò nínú ìrẹsì, ó fẹ́ ẹ, ó fi í sí ẹ̀rọ. Ó jókòó, ó gbé kásíkì kọ́ orí, ó tẹ̀ ẹ́. Òun ló fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́, kí ó tó gbé e fún ọmọ rẹ̀. Èmi ń wo ojú rẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, ojú náà rẹ̀ wálẹ̀, mo sì mọ̀ pé ohùn imú yẹn ni. Màmá mi náà mọ̀, ó yí ojú sí ẹnu ọ̀nà.

Ọwọ́ Bàbá dìde lọ sí orí rẹ̀. Ìkíni ti kan àwọn baba ńlá rẹ̀. Kò ronú sí i, bó ṣe ń ṣe láàárọ̀ ayé wọn ló ṣe: ó ṣí fìlà. Kásíkì tó wà lórí fìlà bá a jáde, ó já bọ́ sí i lẹ́sẹ̀. Ó fi fìlà lé orúnkún, ó sì yára gbé kásíkì, kí ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ má bàa kọjá lọ, ó gbé e lé orí tó wà ní òfìfo. N kò tíì rí orí Bàbá ní ọ̀sán gangan rí, funfun báláú. Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì tẹ kásíkì mọ́ etí. Ó wá la ẹnu, ó dáhùn bí ẹni tí wọ́n pè láti yàrá kejì.

"Àbẹ̀ní!"

Omi ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó tẹ ẹ̀rọ náà dúró, ó yí kásẹ́ẹ̀tì padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó kọjú sí màmá mi.

"Àṣàkẹ́, tú gèlè rẹ."

Bàbá kan kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ tó ti ń di arúgbó. Ṣùgbọ́n màmá mi tú u. Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì gbé kásíkì náà lé e létí, ó fa irun rẹ̀ sẹ́yìn kí ìrọ̀rí lè lẹ̀ mọ́ ara, bí ẹni tó ń múra fún ọmọ tó fẹ́ lọ sí ilé ìwé. Ó tẹ̀ ẹ́. Èmi kò gbọ́ nǹkan kan, màmá mi nìkan ni mo ń wò. Ó wá gbé ọwọ́ lé ọ̀fun ara rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀, mo sì fò sókè, torí n kò gbọ́ ohùn tí màmá mi fi sọ̀rọ̀ yìí rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Ó kún yàrá.

"Ohùn mi nìyí," ó wí. "Bàbá, ohùn mi ni!"

Bàbá ní, "Kí ni mo ti ń wí?"

Nígbà tó yá, màmá mi bú sẹ́kún, ó ní ìyá òun pe òun. Èmi náà tú ìborí mi, mo gbọ́ ọ lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ nípọn tó sì rọ̀ ń kí ọmọ ọlọ́pẹ etí ọ̀nà tí kì í jẹ́ kí àlejò sùn lébi. Ọmọ ọwọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Obìnrin náà rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ gan-an, sísàlẹ̀ pátápátá, ó ní, "Àṣàkẹ́ mi, dákẹ́, mò ń kí bàbá rẹ lọ́wọ́." Ó sì bá ìkíni rẹ̀ lọ. Rédíò kò gbé ọ̀rọ̀ yẹn jáde rí. Ibi tí ohùn náà wà ti rẹlẹ̀ jù fún un.

Ẹ̀yin náà ti rí i báyìí. Fìlà ni. Aṣọ tó wà láàárín ìrọ̀rí àti etí ni kò jẹ́ kí kásíkì lẹ̀ mọ́ orí, ìsàlẹ̀ ohùn sì ń gba ibẹ̀ jò bí omi nínú agbè tó sán. Nínú gbogbo wa tí a dán an wò, ta ni orí rẹ̀ wà lófìfo? Àlájì dé fìlà tó bo etí, Ìyá Bọ́sẹ̀ wé gèlè, màmá mi wé gèlè, èmi lo ìborí. Nílé àgbà, níwájú àlejò, ta ni yóò ṣí orí sílẹ̀? Ta ni yóò sì gbójú sókè sọ fún Bàbá Pọ́sìtì pé kó ṣí fìlà? Bàbá ìbá ti ṣí i tipẹ́ ká ní a fi kásẹ́ẹ̀tì Àbẹ̀ní sí i, ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì náà gan-an ló ń ṣọ́ pa mọ́ títí gbogbo nǹkan á fi pé. Nígbà tí Àlájì gbọ́ ìròyìn náà, ó sáré wá, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì orin ara rẹ̀ bó ṣe yẹ kó gbọ́ ọ. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi fara ti ògiri. Bàbá ní, "Etí tí mo ń bò kí ó má bàa bàjẹ́, òun náà ni mo ń fi aṣọ dí."

Màmá mi padà sínú ẹgbẹ́ akọrin. Kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó lọ dúró láàárín àwọn obìnrin, ó la ẹnu. Mo gba ohùn Àbẹ̀ní sínú fóònù mi pẹ̀lú, kó má bàa jẹ́ pé kásẹ́ẹ̀tì nìkan ni a gbójú lé. Ní ti Bàbá, etí rẹ̀ kú bí dókítà ti wí. Ohùn tó mú, tó ga, ló kọ́kọ́ lọ: ẹyẹ, aago, ohùn àwọn ọmọdé. Lẹ́yìn náà ohùn tèmi. Mo máa ń la ẹnu bó ti kọ́ mi, á sì rẹ́rìn-ín sí mi, kò gbọ́. Ṣùgbọ́n ohùn màmá mi kò lọ. Ohùn tí wọ́n ní kó gbé lọ sọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin, òun nìkan ló ń wọ etí Bàbá títí dé òpin. Bí ó bá wá kí i láàárọ̀, á kúnlẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn baba ńlá, ọwọ́ Bàbá á lọ sí fìlà. A máa ń rí i pé ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ní ọjọ́ ìsìnkú, wọ́n ti múra fún un, wọ́n wọ̀ ọ́ ní aṣọ funfun. Ẹni tó múra fún un mọ̀ ọ́n dáadáa, torí abetí-ajá rẹ̀ ló dé fún un, ó sì fa apá méjèèjì bo etí bó ṣe máa ń ṣe é. Wọ́n ń dúró de màmá mi kí wọ́n tó ti pósí. Ó wọlé, ó wò ó, ó tú gèlè tó wé, ó fi í sí èjìká. Àwọn kan rò pé ìbànújẹ́ ti fẹ́ ṣe é ní nǹkan. Ó kọjú sí ọkùnrin tó dúró ti orí Bàbá.

"Ẹ bá mi ṣí fìlà yẹn lórí bàbá mi," ó wí. "Kò ní gbọ́ mi dáadáa."

Ọkùnrin náà wo ojú àwọn àgbà. Àlájì Ṣéfíù ló kọ́kọ́ mi orí sí i pé kó ṣe é. Ó ṣí fìlà náà, ó gbé e sí i láyà. Màmá mi kúnlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọmọ ọlọ́pẹ etí ọ̀nà, ohùn rẹ̀ sì kún ilé, ó kún ìta, títí dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Nígbà tí mo gbé ojú sókè, fìlà gbogbo ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ti wà lọ́wọ́ wọn.